Ta Ni Ìlù Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Ṣaworoidẹ

Ohun tí àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí a ṣe lọ́tẹ̀ yìí ni pé kí a mú iṣẹ́ ọnà Yorùbá kan, kí a yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, kí a sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí. Èyí tí a mú ni fíìmù Ṣaworoidẹ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání darí, tó jáde ní ọdún 1999. Nígbà náà, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni, à ń yá a lọ́wọ́ ara wa láti ilé dé ilé ní òkè Ọya níbí. Lónìí, orí fóònù ni àwọn ọmọ wa ti ń wò ó, tí wọ́n ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìdí tí a fi mú fíìmù yìí kò jìnnà. Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìsìnkú, nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa relé ọdún, ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan á ní, "Ìjọba àwa-ara-wa yìí kò ṣe wá lóore kankan. Kí ṣọ́jà padà wá gbà á ló kù." Ẹlòmíràn á ní, "Ẹnì kan ṣoṣo tó le, tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, òun ló lè tún ìlú yìí ṣe." Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná tán, kò ní pẹ́ kí ẹnì kan tó dárúkọ Ṣaworoidẹ, kí ó ní bí a bá ní irú ìlù yẹn ní Àbújá, àwọn olè ì bá ti kú tán. Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni a fẹ́ yẹ̀ wò. A rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ràn fíìmù yìí nítorí ikú tí ìlù náà ń pa, tí a sì fojú fo ohun tó níye lórí jù nínú rẹ̀.

ÌTÀN NÁÀ NÍ ṢÓKÍ

Jogbo ni orúkọ ìlú náà, ẹ sì mọ̀ bí jogbo ṣe máa ń korò tó. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni májẹ̀mú ti wà láàárín ọba àti ará ìlú. Ẹni tí wọn yóò fi jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kí ó bá ìlù kan mulẹ̀, ìlù tí wọ́n so ṣaworo idẹ mọ́. Adé idẹ náà wà níbẹ̀. Bí ọba bá dalẹ̀, tí wọ́n sì lu ìlù náà nígbà tí adé wà lórí rẹ̀, orí fífọ́ ni yóò gba ẹ̀mí rẹ̀.

Lápité, ẹni tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fẹ́ adé ṣùgbọ́n kò fẹ́ májẹ̀mú. Ó gbọ́ pé ẹni tó bá gba gbẹ́rẹ́ kò ní lè fi ipò ọba kó ọrọ̀ jọ, ló bá kọ̀ jálẹ̀. Àyángalú onílù gbé ìlù náà sá wọ inú igbó. Bí adé ṣe bọ́ sórí ẹni tí kò sí ohun tó dè é nìyẹn. Àwọn agégẹdú dé pẹ̀lú owó, ọba àti àwọn ìjòyè gba rìbá, igbó àti oko àwọn àgbẹ̀ sì ń bàjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ yarí. Nígbà tí apá Lápité kò ká wọn mọ́, ó ké sí àwọn ṣọ́jà, Làgàtà sì ni olórí wọn. Làgàtà dé, ó wò yíká, ó rí i pé ẹni tó ni ìbọn kò ní láti máa ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ẹni tó ni adé. Ó gba ẹ̀mí ọba, ó sì gbé adé idẹ dé orí ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí ṣaworoidẹ fi dún, orí Làgàtà fọ́, ó kú.

Láàárín gbogbo rẹ̀, Ọ̀pálábá wà níbẹ̀, ẹni tí Olóyè Adébáyọ̀ Fálétí ṣe. Á jókòó sí ààfin, á máa fi òwe àti àwàdà sọ òtítọ́ tí àwọn ìjòyè kò fẹ́ gbọ́.

IBI TÓ DÁRA SÍ

Ohun àkọ́kọ́ tí fíìmù yìí ṣe fún wa ni pé ó fi hàn pé kí a fi òfin de aláṣẹ kì í ṣe nǹkan tí òyìnbó kó wá. Àwọn kan máa ń sọ pé ìjọba àwa-ara-wa kò bá àṣà wa mu, pé ọba ni Yorùbá mọ̀, ohun tí ọba bá sì ti wí, abẹ gé e. Irọ́ ni. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí àwọn wọ̀nyí bá kọ ọba, tí wọ́n ní ìlú kọ̀ ọ́, ọba náà kò gbọdọ̀ rí oòrùn ọjọ́ kejì. Àwọn Ògbóni náà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí Ọ̀yọ́ Mèsì kò lè ṣe bó ṣe wù wọ́n láìfi tiwọn ṣe. Àwọn baba wa mọ̀ pé èèyàn lọba, èèyàn sì lè bàjẹ́.

Níbi yìí ni ìyàtọ̀ wà láàárín ìjọba apàṣẹwàá àti ìjọba tí a lè bá wí. A máa ń rò pé apàṣẹwàá ni ẹni tó burú, pé ẹni tó bá ṣèlú dáadáa kì í ṣe apàṣẹwàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó dára lónìí lè yí padà lọ́la. Ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi ara wa ni pé: bí ẹni tó wà lórí oyè bá ṣi agbára lò, kí ló wà níta ọwọ́ rẹ̀ tó lè sọ fún un pé "ó tó"? Ní Jogbo, ìlù ni. Ìlù náà kò sì sí lọ́wọ́ ọba, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí.

Ohun kejì ni bí fíìmù náà ṣe fi hàn ọ̀nà tí ológun ń gbà wọlé. Làgàtà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Lápité ló pè é, nítorí pé ó fẹ́ kí ìbọn bá òun yanjú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí òun fi òdodo yanjú. Ẹ rántí ìgbà tí fíìmù yìí jáde. Ọdún 1993 ni wọ́n fagi lé ìdìbò June 12 tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá wọlé nínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba ológun yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn, lẹ́yìn tí ó ti ń pariwo bí epo rọ̀bì ṣe ba ilẹ̀ Ògóni jẹ́. Ọ̀gágun Sani Abacha kú ní June 8, 1998, Abíọ́lá náà sì kú sí àtìmọ́lé ní July 7 ọdún kan náà. Ẹni tó bá wo àwọn agégẹdú inú fíìmù náà, tó wo bí wọ́n ṣe kó ṣọ́jà lé àwọn ọmọ onílẹ̀ lórí nítorí igbó ara wọn, yóò mọ ibi tí òǹkọ̀wé ń nawọ́ sí.

Ohun kẹta ni Ọ̀pálábá. Àwọn ìjòyè gbà á láyè nítorí wọ́n rò pé aláwàdà ni. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní pẹ̀lẹ́bẹ, bóyá kì bá tí pẹ́ láàfin. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun ṣe òfin kan tí wọ́n pè ní Decree 4, tó sọ pé akọ̀ròyìn tó bá kọ ohun tó dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba yóò lọ sẹ́wọ̀n, ì báà jẹ́ òótọ́ ló kọ. Akọ̀ròyìn méjì ti ìwé ìròyìn The Guardian, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sì lọ sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Ìlú tó jẹ́ pé aláwàdà nìkan ló lè sọ òtítọ́ ti wà nínú ewu.

IBI TÓ KÙ SÍ

A yin òǹkọ̀wé àti olùdarí, a sì gbà pé àgbà ọ̀jẹ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun mẹ́ta ló wà nínú fíìmù yìí tí kò tẹ́ wa lọ́rùn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kan bí a ṣe ń ronú nípa ìjọba.

Èkíní, ìlù náà ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n ṣáà ti lù ú, orí á fọ́, ọ̀rọ̀ á parí. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ wa láti jókòó máa retí ìlù. Àwọn aṣáájú wa náà ń búra. Ìbúra náà wà ní apá ìparí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ó sì wà níbẹ̀ kedere pé ẹni tó ń búra kò ní jẹ́ kí ire ara rẹ̀ darí iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́. Wọ́n ń di Bíbélì mú, wọ́n ń di Kùránì mú. Láti ọdún 1999 títí di òní, ta ni orí fọ́? Èyí tó tún wá ṣe pàtàkì ni abala 308 nínú ìwé òfin kan náà, tó sọ pé a kò gbọdọ̀ pe ààrẹ, gómìnà tàbí igbákejì wọn lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ ara wọn nígbà tí wọ́n bá wà lórí oyè. Ẹ fi í wé Jogbo. Ní Jogbo, ìgbà tí adé bá wà lórí ni ìlù ń ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà tí adé bá wà lórí ni òfin ní kí ìlù dákẹ́.

Fíìmù tó tẹ̀ lé e, Agogo Èèwọ̀, tó jáde ní 2002, tún gba ọ̀nà kan náà. Wọ́n fi Adébọ̀sípọ̀ jọba, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, olóòótọ́ èèyàn. Àwọn ìjòyè fẹ́ kí ó bá wọn jẹ nínú ìwà ìbàjẹ́, kò gbà. Agogo èèwọ̀ àti ìbúra ni wọ́n tún fi wá ojútùú. Nínú fíìmù méjèèjì, ọ̀nà méjì péré ló wà tí ìlú fi lè bọ́: kí ọba jẹ́ ẹni rere, tàbí kí oògùn pa ẹni burúkú. Àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé ọ̀nà kẹta wà. Kò dùn ún wò nínú fíìmù, nítorí fáìlì ni. Ohun tí ń dẹ́kun ọ̀gá tó fẹ́ jalè ni fáúṣà tó ní láti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá kí owó tó jáde, àkọsílẹ̀ tí ó fọwọ́ sí tí kò lè gbé relé, ọ́dítọ̀ tí kì í ṣe òun ló gbà á síṣẹ́, àti akọ̀wé kékeré tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ohun tí ẹ ní kí n ṣe yìí kò bá ìlànà mu." Abala 85 ìwé òfin wa ní kí ọ́dítọ̀ àgbà yẹ owó ìjọba àpapọ̀ wò, kí ó sì jábọ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìlù nìyẹn. Ó lè má dún dáadáa, ṣùgbọ́n ìlù ni. Ìdí nìyí tí ìjọba ológun fi máa ń kọ́kọ́ kọlu òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1975, èèyàn tó lé ní 10,000 ni wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, orí rédíò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbọ́ ọ. Àwọn olè wà nínú wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ́kù kọ́ ẹ̀kọ́ kan: ẹni tó bá fẹ́ jẹun kí ó má ṣe kọ ohunkóhun sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni fáìlì ti ń sọ ohùn nù.

Èkejì, ta ni yóò bá onílù wí? Ní Jogbo, ìdílé kan ṣoṣo ló lè lu ṣaworoidẹ. A dúpẹ́ pé olóòótọ́ ni Àyángalú. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́ ńkọ́? Bí ó bá gbé ìlù náà lọ fún ẹni tó lówó jù ńkọ́? Ìtàn wa ti dáhùn ìbéèrè yìí rí. Baṣọ̀run Gáà ní agbára láti dá Aláàfin lẹ́kun, agbára náà sì dára níbi tí àwọn baba wa fi í sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ẹni tó lè dá òun náà lẹ́kun, ó di ẹni tó ń pa ọba kan tẹ̀ lé òmíràn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ gàba káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Ọ̀pálábá nínú Ṣaworoidẹ kan náà ló kọ eré onítàn Baṣọ̀run Gáà. Ó yẹ kí ẹni tó bá wo ọ̀kan ka èkejì. Ẹ̀kọ́ inú méjèèjì papọ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ gbé gbogbo ìlù fún ẹnì kan, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ ìjòyè, ì báà jẹ́ ṣọ́jà. Ilé ẹjọ́ kí ó ní tirẹ̀, ilé aṣòfin kí ó ní tirẹ̀, ìwé ìròyìn kí ó ní tirẹ̀, kí aráàlú náà sì ní tirẹ̀. Òfin kan wà láti ọdún 2011, tí wọ́n ń pè ní Freedom of Information Act, tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ hàn án, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti fi fèsì. Mélòó nínú wa ló ti lù ú rí?

Ẹ̀kẹta ló dùn wá jù, nítorí àwa gan-an ló bá wí. Ní Jogbo, níbo ni àlejò wà? Àjèjì tí fíìmù náà fi hàn wá ni agégẹdú, olówó tó wá kó igi lọ. A kò rí tíṣà, aránṣọ tàbí ìyá olóúnjẹ tó wá láti ìlú mìíràn, tó ti bímọ sí Jogbo, tó ń san owó orí ní Jogbo, tó sì ti sin òbí rẹ̀ síbẹ̀. Bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá wà, ta ni yóò lu ìlù fún un nígbà tí ọba bá jẹ ẹ́ níyà? Májẹ̀mú náà wà láàárín ọba àti ọmọ Jogbo. Kò kan àlejò.

Níbi yìí ni a ti rí i pé ìdìbò nìkan kò tó. Bí ó bá jẹ́ orí nìkan ni a fẹ́ kà, ẹni tó pọ̀ jù ni yóò máa wọlé títí láé, ẹni tó kéré yóò sì wà ní abẹ́ rẹ̀ títí láé. Ìjọba àwa-ara-wa tó pé ní láti ní ohun kejì: ẹ̀tọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan tí ìbò ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe èyí ní lìbẹ́rálísíìmù. Àwa ń pè é ní pé kí wọ́n má fi ẹ̀yà jẹ ọmọ wa níyà. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà kọ̀ kí a fi ẹ̀yà tàbí ibi tí èèyàn ti wá dù ú ní ohunkóhun. Abala 15 ní kí ìjọba rí i dájú pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ẹ̀tọ́ láti gbé níbikíbi tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n abala 15 yìí wà lára àwọn tí ìwé òfin kan náà sọ pé èèyàn kò lè tìtorí wọn lọ sílé ẹjọ́. Abala 318 sì túmọ̀ ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan sí ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ tí a bí síbí, tí a bí bàbá rẹ̀ síbí, fi ń pàdé ìṣòro bí wọ́n bá ti ní kí ó mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá fún ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn òbí láàárín wa mọ ohun tí à ń sọ.

Kí a tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Ní ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìròyìn kan gbogbo ayé nípa bí wọ́n ṣe dẹ́rù ba àwọn olùdìbò kan, tí wọ́n lé wọn padà, nítorí pé ojú wọn tàbí orúkọ wọn jọ ti ẹ̀yà mìíràn. Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa ní òkè Ọya, a kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́ sí i bí àwọn èèyàn wa bá ṣe é ní ilẹ̀ Yorùbá.

ÀWỌN TÓ NÍ KÍ ṢỌ́JÀ PADÀ

A kò fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ àwọn tí ìjọba àwa-ara-wa ti sú. Ebi kò mọ òfin. Ní ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló forúkọ sílẹ̀, àwọn tó jáde dìbò kò tó mílíọ̀nù 26. Ìyẹn ni pé nínú ẹni mẹ́rin, bí ẹnì kan ló lọ. Àwọn yòókù kò tíì gbé ìbọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá rí i pé òun dìbò fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí iná kò wá, tí ọjà ń gbówó lórí, tí ọmọ tó kàwé ń jókòó sílé, kò yani lẹ́nu bí ó bá ní kí Làgàtà máa bọ̀.

Ṣùgbọ́n igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Orílẹ̀-èdè Niger kò jìnnà sí wa, ààlà kan náà la jọ ní. Ní July 26, 2023, Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani, olórí àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ààrẹ, yí padà mú ààrẹ Mohamed Bazoum tí wọ́n dìbò yàn. Ẹ̀ṣọ́ ló gba adé, gẹ́gẹ́ bí Làgàtà. Àwọn èèyàn jó ní ojú títì Niamey. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Tchiani búra fún ọdún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, wọ́n sì tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká. Ẹni tó jó lọ́jọ́ kìíní lè bínú lónìí, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ìdìbò tó lè fi bínú. Ìṣòro tó wà nídìí ìjọba ológun nìyẹn. Ó lè ṣe dáadáa ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kódà kí iná dé, kí olè dínkù. Ọjọ́ tí kò bá ṣe dáadáa mọ́ ni a ó wá ìlù, tí a kò ní rí i.

Ẹ wá wo Senegal. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Ààrẹ Macky Sall sún ìdìbò ààrẹ síwájú nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó ìwé òfin wọn ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìbò ní March 24 ọdún náà, alátakò, Bassirou Diomaye Faye, wọlé, Sall sì gbé ìjọba sílẹ̀. Orí ẹnikẹ́ni kò fọ́. Àwa náà ti gbọ́ ohùn ìlù rí nílé wa. Ní May 16, 2006, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà kọ àtúnṣe ìwé òfin tí ì bá fún Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ láyè láti ṣe ìjọba lẹ́ẹ̀kẹta. Ní 2015, ààrẹ tó wà lórí oyè fìdí rẹmi nínú ìdìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ó pe ẹni tó borí, ó kí i, ó sì lọ sílé. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Kò sí oògùn níbẹ̀. Àwọn èèyàn tí ìlù wà lọ́wọ́ wọn ló lù ú.

ÌLÙ TÓ WÀ LỌ́DỌ̀ WA

Ilé là á tí í kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ń rí bí Yorùbá ṣe ń ṣe ìjọba ni ẹgbẹ́ yìí, níbi ìpàdé Sunday tí a ń mú wọn lẹ́yìn lọ. Kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀? Bí wọ́n bá rí i pé alága kan jókòó sípò títí tí kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tí wọ́n yàn án, pé akápò kì í ka owó síta, pé ẹni tó bá béèrè ìṣirò ni a ń pè ní ọlọ̀tẹ̀, pé àwọn obìnrin ló ń dáná, tí a kì í sì í pè wọ́n síbi ìgbìmọ̀, nígbà náà Jogbo ni a ń kọ́ wọn, kò sì sí ìlù níbẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ tí kò lè dà bẹ́ẹ̀ bí ojú bá kúrò lára rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kéré. Kí wọ́n ka ìṣirò owó ẹgbẹ́ síta ní ìpàdé gbogbogbòò lọ́dọọdún, kí ẹni méjì tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Kí a kọ iye ọdún tí alága lè lò sínú òfin ẹgbẹ́, kí a má sì yí i padà nítorí ẹnì kan. Kí àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin ní ibùjókòó nínú ìgbìmọ̀, kì í ṣe níbi ìsè nìkan. Kí ẹni tó kéré jù láàárín wa lè dìde béèrè ọ̀rọ̀, kí a má sì fi òwe àgbà pa á lẹ́nu mọ́.

Ní ti fíìmù náà, ìdájọ́ wa ni pé iṣẹ́ ńlá ni, kò sì tíì gbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìṣọ̀lá jáde láyé ní ọdún 2018, Olóyè Fálétí ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 2017, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì ń bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó, kí wọ́n gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀ lẹ́nu Ọ̀pálábá. Bí ó bá parí, tí inú wọn ń dùn pé Làgàtà ti kú, ẹ bi wọ́n pé: bí kò bá sí oògùn lára ìlù yẹn ńkọ́, kí ni àwọn ará Jogbo ì bá ṣe? Kí ẹ fún wọn láyè láti rò ó. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a tún rí àjọ̀dún mìíràn ṣe pẹ̀lú àlàáfíà, yóò sì tún Nàìjíríà ṣe fún wa, nílé àti lẹ́yìn odi. Àṣẹ.